Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe Nílé Bí Agbọ́n Bá Ta Èèyàn

Bí agbọ́n bá ta èèyàn, kí ó kọ́kọ́ kúrò nítòsí ìtẹ́ wọn, kí ó má sì dúró pa èyí tí ó ta á, nítorí pé òórùn tí ó máa ń jáde lára agbọ́n tí a tẹ̀ pa a máa pe àwọn yòókù wá. Agbọ́n kì í fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sára èèyàn bíi kòkòrò oyin, nítorí náà, kò sí ohun tí a ó máa fi èékánná wá kiri níbẹ̀. Kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni, kí a tètè bọ́ òrùka, nítorí pé bí ìka bá ti wú tán, ó lè jẹ́ ayùn ni wọn yóò fi gé òrùka náà.

Omi dídì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ọ̀rá omi mímu kan tí ó ti dì nínú fìríìjì tó: kí a fi aṣọ wé e kí ó má baà jó awọ, kí a gbé e lé ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí a gbé e kúrò, kí a sì tún gbé e padà bí ojú ibẹ̀ bá tún ń dùn ún. Otútù máa ń dín ìrora àti wíwú kù. Bí iná kò bá sí, aṣọ tí a rì bọ omi inú àmù náà wúlò.

Àwọn mìíràn yóò mú alùbọ́sà, òrí tàbí fínígà. N kò rí ewu kan nínú alùbọ́sà tí a là tí a fi pa á, ṣùgbọ́n kí a má gbójú lé e, nítorí pé abẹ́ awọ ni agbọ́n ń tu oró rẹ̀ sí, ohun tí a bá sì fi pa òkè awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Kẹrosíìnì ni kí a má fi pa á rárá, ó máa ń bó awọ. Kí a má sì sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀. Parasitámọ̀ dára fún ìrora, Piriton sì dára fún yíyún, àmọ́ ó ń fa oorun, kí ẹni tí ó bá lò ó má wa ọkọ̀.

Wíwú náà lè pọ̀ sí i di ọjọ́ kejì kí ó tó máa lọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí ó bá ń gbóná sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí ó ń ṣọyún, tí ibà sì dé, kí a lọ rí dókítà.

Ẹni tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá ń wú, tí ara rẹ̀ sú káàkiri, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ adrenaline ni ó nílò, kì í ṣe àgbo. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí ni kò já gaara, kí a jẹ́ kí ó jókòó. Ilé ìwòsàn náà ni kí a gbé ẹni tí ọ̀pọ̀ agbọ́n ta lẹ́ẹ̀kan náà lọ, àti ẹni tí ó mu agbọ́n mọ́ mínírà tí ó sì ta á lẹ́nu: bí ẹni tí ó ta lẹ́nu yìí bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí ó máa lá omi dídì títí tí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.