Bí kọ̀ǹpútà ilé bá kọ̀ láti sọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀: ẹ má fi fọ́mátì bẹ̀rẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Kabba, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, Mopa àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Nígbà tí kájú parí, ẹgbẹ́ kan ní agbègbè wa fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ẹrù sílẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ètò tuntun kan. Fọ́ọ̀mù ní kí wọ́n kọ irú prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ìwọ̀n mẹ́mórì àti ẹ̀dà Windows tó wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ṣí System Information, ibi tí Windows ti ń sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkankan níbẹ̀ ju “Can't Collect Information” lọ. Wọ́n gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fọ́mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, ó sì fi Windows sí i lọ́tun. System Information ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí. Àmọ́ àkọsílẹ̀ kájú ọdún mẹ́ta ti lọ: ìwọ̀n kílò, orúkọ ẹni tó kó o wá, owó tí wọ́n san àti èyí tó kù. Àwọn kan ṣì ń bá ẹgbẹ́ fa ọ̀rọ̀ owó àpò tí kò sí ẹ̀rí pé wọ́n kó wá.

Láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ́, àṣìṣe kan náà là ń rí. Ìgbésẹ̀ tó yẹ kó kẹ́yìn ni àwọn èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á fọ́mátì, àwọn mìíràn á wọ inú fódà Windows lọ pa ohun tí wọn ò mọ̀ rẹ́ nítorí pé ẹnì kan ní kí wọ́n pa á rẹ́. Èèyàn kì í torí iṣu kan tó rà dáná sun abà. Torí náà, bí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò, ẹ má fo ìlà kankan láti lọ bá ìsàlẹ̀. A kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ ìyẹn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, tí ẹ kọ msinfo32, tí ẹ wá tẹ Enter, System Information ni yóò ṣí. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń wá ìròyìn. Apá kan nínú Windows tó ń jẹ́ Windows Management Instrumentation, WMI ní kúkúrú, ló ń bá a kó o jọ. Bí WMI kò bá jẹ́ ìpè, ojú ẹ̀rọ á kọ ọ́ pé: “Cannot access the Windows Management Instrumentation software. Windows Management files may be moved or missing.”

Ẹ fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ náà ní fọ́tò, kí ẹ sì ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ibi tó ti sọ pé fáìlì yín sọnù. Kò sọ pé kọ̀ǹpútà ti kú. Excel tí ẹ fi ń kọ kájú àti kọfí kò sí lọ́wọ́ WMI rárá. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ), WMI lè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á wo fídíò tó ní kọ̀ǹpútà á yá bí ó bá pa àwọn service kan, ìyẹn àwọn ètò Windows tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, á sì pa WMI mọ́ wọn. Nígbà mìíràn, díìsìkì ló ti gbó.

Ẹ KỌ́KỌ́ KÓ ẸRÙ YÍN JÁDE

Ẹ wá fláàṣì 32 GB tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Ẹ kó Desktop, Documents, Downloads àti Pictures sínú rẹ̀, ní pàtàkì Pictures, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń tọ́jú fọ́tò rísíìtì sí. Bí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ bá wà ní Drive D, ẹ kó ìyẹn náà. Ẹ yọ fláàṣì bó ṣe yẹ, kí ẹ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta níbẹ̀: èyí tó pẹ́ jù, èyí tó tóbi jù àti èyí tí ẹ kọ kẹ́yìn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣí, ẹ kọ ọjọ́ sára fláàṣì náà, kí ẹ gbé e fún akápò, kí ó má bàa wà lọ́wọ́ akọ̀wé tó ni kọ̀ǹpútà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wa pé ẹ ti kó o sórí Desktop. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni Desktop wà, ohun tó bá sì gbá kọ̀ǹpútà á gbá òun náà. A ti gbọ́ èsì yẹn tó báyìí.

Bí ẹ kò bá tíì ṣe èyí, ẹ pa ìwé yìí dé.

ẸNU IṢẸ́

Ẹ tẹ Restart. Restart la wí o, a ò wí Shut down. Ní Windows 10 àti 11, bí Fast Startup bá wà ní títàn, Shut down kì í pa ohun gbogbo tán, ó ń tọ́jú díẹ̀ kí ó lè tètè dìde. Restart ni í bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Bí ó bá ti dìde, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà kí ẹ tún ṣí msinfo32. Bí ìròyìn bá ti jáde, iṣẹ́ parí, ẹ lọ sí ìlà tó kẹ́yìn ìwé yìí.

Bí kò bá jáde, ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ services.msc. Orúkọ á tò gbọọrọ. Ẹ wá Windows Management Instrumentation lábẹ́ W. Ó yẹ kí ẹ rí “Running” níwájú rẹ̀, kí Startup Type sì jẹ́ “Automatic”. Bí ẹ bá rí “Disabled”, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yí i sí Automatic, ẹ tẹ Apply, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Start. Remote Procedure Call náà gbọ́dọ̀ wà ní Running, WMI kò lè dìde láìsí i, ṣùgbọ́n ojú lásán ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ má pa service kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ní pípa wọn ń mú kọ̀ǹpútà yá, ẹ sọ fún un pé kó lọ pa ti ilé rẹ̀.

Bí service bá ń ṣiṣẹ́ tí ìròyìn kò sì jáde, ẹ ó nílò ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, ibí sì ni iṣẹ́ ti ń wọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ kọ cmd sínú àpótí ìṣàwárí, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Command Prompt, ẹ yan “Run as administrator”, kí ẹ sì gbà nígbà tó bá béèrè. Ẹ wo orí fèrèsé dúdú náà: bí kò bá sí ọ̀rọ̀ “Administrator” níbẹ̀, ẹ kò tíì wọlé bó ṣe yẹ. Ẹ wo ìlà tó ń dúró de yín pẹ̀lú: C:\Windows\System32 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ C:\Users àti orúkọ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ tún un ṣí. Ìdajì àwọn tó ń pè wá pé àṣẹ kò ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti kùnà nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tó ra kọ̀ǹpútà ló ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé Administrator, ọmọ náà sì wà ní Àbújá. Ẹ pè é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ èyí, kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀ ṣáájú ìlà dídábùú (/):

winmgmt /verifyrepository

Yíyẹ̀wò lásán nìyí, kò lè ba nǹkankan jẹ́. Bí ó bá dáhùn pé “WMI repository is consistent”, àká tí WMI ń kó ìròyìn pamọ́ sí kò ní àbùkù. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ fo àṣẹ salvage tó kàn, ẹ lọ sí sfc, àṣẹ tó ń yẹ fáìlì Windows wò, nísàlẹ̀. Bí ó bá ní “inconsistent”, ẹ kọ:

winmgmt /salvagerepository

Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń tún àká náà kọ́, ó sì ń kó ohun tó bá ṣì ṣeé kà nínú ti àtijọ́ wọ inú tuntun. Ẹ tún ṣe verifyrepository lẹ́yìn rẹ̀, ẹ Restart, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, ẹ ṣí msinfo32. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ tún salvage náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán. Ẹ má ṣe é nígbà mẹ́wàá.

Nípa fódà Repository, ìyẹn àká WMI náà, tó wà ní C:\Windows\System32\wbem: gbogbo ènìyàn ló mọ ẹnì kan tó ní kí a pa á rẹ́. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ má gé e lọ sí ibòmíràn. Salvage ń gba ohun tó kù nínú rẹ̀ là, ẹni tó bá pa á rẹ́ kò ní ohun tí salvage á gbà là mọ́.

Sfc ló kàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fi wáyà rẹ̀ sí iná. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kí UPS wà, tàbí kí ẹ rọ epo tó tó wákàtí 2 sínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ kọ:

sfc /scannow

Yóò máa ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lọ jẹun. Bí ó bá ní “did not find any integrity violations”, fáìlì Windows pé. Bí ó bá ní “found corrupt files and successfully repaired them”, ẹ Restart kí ẹ wo msinfo32. Bí ó bá ní “unable to fix some of them”, ẹ ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí DISM, àṣẹ tó kàn, fẹ́ lọ mú fáìlì tó péye wá. Ẹ ní 2 GB dátà lọ́wọ́, ẹ rí i pé ọjọ́ àti aago kọ̀ǹpútà tọ̀nà. Bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sábà máa ń kú, ọjọ́ á wá padà sẹ́yìn, kò sì ní lè wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Ó lè dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni pé ó ti kú. Kò tíì kú. Ẹ fún un ní wákàtí 1 kí ẹ tó bínú sí i. Bí ó bá parí, ẹ tún sfc /scannow ṣe, ẹ sì Restart. Àṣẹ RestoreHealth yìí kò sí ní Windows 7. Ẹni tó bá ṣì ń lo ìyẹn kí ó mọ̀ pé Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún un láti oṣù kìíní ọdún 2020. Ti Windows 10 náà dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Àṣẹ kan ṣẹ́ kù: winmgmt /resetrepository. Ó ń dá àká WMI padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi Windows sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ètò mìíràn tí ẹ fi sí i lẹ́yìn ìgbà náà, bíi èyí tó ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà, lè pàdánù ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ ó sì tún wọn fi sí i. Kìkì ìgbà tí salvage méjì, sfc àti DISM ti kùnà ni kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

BÍ FỌ́Ọ̀MÙ BÁ Ń SÁRÉ

Ẹni tí wọ́n ń dúró dè kò gbọ́dọ̀ sáré fọ́mátì nítorí rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á ṣí, ẹ lọ sí Performance. Orúkọ prósẹ́sọ̀ àti ìwọ̀n mẹ́mórì wà níbẹ̀. Ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ winver fún ẹ̀dà Windows. Settings, System, About náà á sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún yín. Ohun tí kò ní ràn yín lọ́wọ́ ni àṣẹ systeminfo, nítorí WMI kan náà ló ń bi léèrè. Ọ̀pọ̀ á kọ ọ́, á kùnà, wọn á wá gbà pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́ pátápátá.

Bí àìsàn yìí bá ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí díìsìkì ń dún kọ̀-kọ̀ tàbí tí Excel ń pẹ́ kó tó ṣí, ẹ má bá WMI jà mọ́. Ẹ ra díìsìkì SSD (irú tí kò ní ohun tó ń yí nínú), kí wọ́n fi Windows sí i lọ́tun, kí èyí àtijọ́ wà ní àpótí akápò láìpa ohunkóhun inú rẹ̀ rẹ́.

Bí ẹ bá gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ fi fọ́tò ojú ẹ̀rọ hàn án, ẹ sọ àwọn àṣẹ tí ẹ ti lò àti ohun tí kálukú dáhùn, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé kò gbọ́dọ̀ fọ́mátì láì pe alága àti akápò. Kí ó fọwọ́ sí i. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín padà sílé.

Nígbà tí ìròyìn bá ti jáde ní System Information, ẹ tẹ File, ẹ tẹ Export, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi fáìlì .txt sórí fláàṣì, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́. Ẹ tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ fi í mọ́ fọ́ọ̀mù.