Kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ ta? Bí ẹ ṣe lè múra ilé-ìwé yín sílẹ̀ de ọjọ́ pàjáwìrì

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ lọ sídìí géètì ẹ̀yìn ilé-ìwé yín, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣí. Èmi ṣe é níbì kan tí mo ti ṣe tíṣà n'Íbàdàn, àgádágodo ti dógùn-ún, mẹ́gáàdì sọ pé ọwọ́ ọkọ màdáámù ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọkọ màdáámù sì wà l'Ékòó. Ilé-ìwé yẹn ní ìwé ètò pàjáwìrì o! Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n fi ọ̀rá wé e, inú dúrọ́ọ̀ ló ń gbé, torí àwọn ìnísípẹ́kítọ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Torí náà ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe bírò. Ẹ pe tíṣà méjì àti mẹ́gáàdì, ẹ jọ yí ọgbà po, kí ẹ jáde síta náà wo àwọn aládùúgbò, torí ewu kì í ṣe ti inú ọgbà nìkan. Nígbà tí nǹkan bú gbàmù ní Abúlé Àdó l'Ékòó, ọjọ́ Sunday, 15 March 2020, ìta ni iná ti wá bá Bethlehem Girls College, Sister Henrietta Alokha tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà sì kú níbi tó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ wo ta ló ń ta gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ta ló ń tọ́jú epo sínú jálá, ibo ni gọ́tà gbà, ibo lomi máa ń yà sí bí òjò bá pọ̀. Ẹ wo ilé fúnra ẹ̀ náà. Ilé tó wó ní Ìta Fáájì l'Ékòó ní 13 March 2019, ilé-ìwé wà lókè ẹ̀, àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì lọ́wọ́. Bí ògiri bá là, bí ilẹ̀kùn tó ń pa dé tẹ́lẹ̀ ò bá pa dé mọ́, ẹnjiníà ni kí ẹ pè, ẹ má pe pẹ́ńtà.

Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ẹ wá ọ̀nà méjì fún un. Mo mọ̀ pé nítorí olè la ṣe ń fi bọ́gúlárì sí fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ọ̀kan tó ṣeé ṣí látinú, tí ẹnikẹ́ni ò ní fi àgádágodo tì bí ọmọ bá wà nínú ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn, ẹ gé mẹ́ta, ọ̀kan fún mẹ́gáàdì, ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan lọ́rùn tíṣà tí kíláàsì ẹ̀ sún mọ́ ọn jù.

Àmì méjì lẹ nílò. Ọ̀kan túmọ̀ sí ẹ jáde, bíi ti iná. Èkejì túmọ̀ sí ẹ wọlé, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má pariwo, ìyẹn bí àwọn jàǹdùkú tàbí ajínigbé bá wà níta. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò ní ti èkejì yìí rárá, bí ìbọn bá ń dún wọ́n á tún máa lu agogo kó àwọn ọmọ síta! Ẹ má gbára lé aago oníná o, torí bí wáyà bá ń jó, máínì iná lẹ máa kọ́kọ́ pa. Ríìmù mọ́tò tí a gbé kọ́ sórí igi máńgòrò, tí a ń lù bí agogo, ń ṣiṣẹ́ títí di òní, fèrè náà wà fún àmì kejì. Kí wọ́n má ṣe jọ ti bírékì o.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà ni kíka iye ọmọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin gbogbo wa ti wà ní fíìdì, inú wa ń dùn, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́, ni tíṣà Púráímárì 2 bá ka rẹ́jísítà ẹ̀, ọmọ kan ò sí. Ilé ìgbẹ́ ló wà. Ó gbọ́ agogo, ó rò pé bírékì ti tó, ó kàn rọra ń ṣe tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, tíṣà kankan ò gbọdọ̀ jáde láìmú rẹ́jísítà dání, ẹnì kan pàtó ló sì máa ń yẹ ilé ìgbẹ́ àti láíbìrì wò (bí èéfín ò bá tíì débẹ̀ o), ẹnì kan náà sì lẹ máa fún ní iye orí tí ẹ kà. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan ní tẹ́ẹ̀mù, ẹ kọ́kọ́ sọ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn òbí ńkọ́? Wọ́n á sáré wá, tọlọ́kadà tọlọ́kadà, gbogbo wọn á rọ́ síwájú géètì. Ẹ ò ní rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baṣọ̀run n'Íbàdàn ní 18 December 2024? Àríyá ọmọdé ni, kò sí iná, kò sí ìbọn, èrò ló tẹ ọmọ 35 pa. Nítorí náà ẹ yan ibòmíràn tí òbí á ti gba ọmọ, kó jìnnà sí géètì tí panápaná máa gbà wọlé, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà nínú ìwé nìkan ni kí ẹ fún lọ́mọ, kó sì fọwọ́ sí i. Bó jẹ́ ìnáwó ilé-ìwé náà ni, ẹ ṣí ju géètì kan lọ, ẹ má pín nǹkan lẹ́nu géètì láéláé.

Bọ́ọ̀sì náà ẹ má gbàgbé ẹ̀. Láti inú bọ́ọ̀sì tó ń kó wọn relé ni wọ́n ti jí ọmọ ilé-ìwé gbé ní Emùré-Èkìtì ní January 2024. Orúkọ gbogbo ọmọ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà àti ní ọ́fíìsì, kó sì pè yín bó bá ti sọ ọmọ tó kẹ́yìn kalẹ̀.

Ní ti àìsàn, ẹ mọ ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí inhaler ẹ̀ wà nítòsí ẹ̀, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa. Ọmọ tí gìrì bá mú, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì, ọsibítù ni. Ibi tó jó, omi tútù fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe máklíìn.

Nọ́ńbà 112 wà fún gbogbo Nàìjíríà, l'Ékòó 767 wà pẹ̀lú ẹ̀, ní Ọ̀yọ́ 615. Ẹ kọ wọ́n gàdàgbà sára ògiri, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ panápaná àti àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín náà, kí ẹ gba nọ́ńbà ibẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì mọ ojú ọ̀nà yín. Ti òbí, ọjọ́ ìwọlé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbà á tuntun, kí ẹ sì pe díẹ̀ wò. Mo pe márùn-ún nígbà kan, méjì péré ló gbé e, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ní òun ò bímọ rí.