Bí a ṣe ń fi sẹ́lò dá orin sílẹ̀ lójú agbo, tí àwọn olùgbọ́ á sì máa gbè é

Sẹ́lò ni ohun èlò olókùn ńlá, bíi gòjé, tí a ń gbé sáàárín orúnkún. Orin àtinúdá tí a fi ń dá a kì í ṣe orin àìmúrasílẹ̀. Òótọ́ ni pé orin náà kò sí lórí ìwé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí yóò tẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà kí ẹ tó jókòó.

Ẹ gbé sẹ́lò wọnú yàrá tí ẹ ó ti ṣeré ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Igi máa ń wú, ó sì máa ń sún kì bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, okùn á wá kúrò lójú ohùn rẹ̀. Okùn mẹ́rin ni, orúkọ ohùn wọn ni C, G, D, A, láti orí èyí tó nípọn jù. Bí ẹ bá ń yí èèkàn òkè tí a fi ń fún okùn, ẹ máa tì í wọnú bí ẹ ṣe ń yí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ̀ padà. Ẹ fi rọ́sìnì, ìyẹn oje igi gbígbẹ tó ń jẹ́ kí irun di okùn mú, pa irun ọrun, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń fa okùn, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún péré. Bó bá pọ̀ jù, ohùn á máa ha. Bí ilẹ̀ bá ń dán, ẹ so bẹ́líìtì mọ́ ẹsẹ̀ àga kó di ọ̀pá irin ìdí sẹ́lò mú.

Ó wá kan ilẹ̀ orin. Ẹ fa C àti G pọ̀, kí ọrun lọ jẹ́jẹ́, kí ohùn má já. Lórí rẹ̀, ẹ mú ohùn márùn-ún péré: C, D, E, G, A. F àti B ló ń bí ohùn tó fara gbún ara wọn. Bí ẹ bá yọ wọ́n, kò sí ibi tí ìka lè bọ́ sí tí yóò dun etí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sẹ́lò púpọ̀ máa ń hu bí ìkookò ní àyíká F, torí pé ara igi náà ń bá okùn jà. Bó bá hu, ẹ fi orúnkún fún ara rẹ̀ díẹ̀.

Bí ohùn bá kéré níye, àwọ̀ ló kù. Ẹ fa ọrun sún mọ́ afárá onígi tó gbé okùn ró, ohùn á máa ta bíi dígí. Ẹ fà á sórí pátákó ìka, níbi tí ìka ti ń tẹ okùn, á rọ̀ bíi fèrè. Ẹ fọwọ́ kan àárín okùn láìtẹ̀ ẹ́, ohùn kan náà á dún lókè tónítóní.

Ẹni tó bá ń lo pẹ́dàlì lúùpù, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń tún un dún léraléra, kó má kọjá ohùn mẹ́ta, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ sì kọ́kọ́ wọlé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn dúró dìgbà tó bá gbọ́ lílù kìíní kó tó tẹ ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ nìyẹn, lúùpù á máa tiro. Ẹsẹ̀ àti lílù kìíní gbọ́dọ̀ balẹ̀ pọ̀. Ẹ má kọjú sípíkà sí sẹ́lò, torí inú rẹ̀ tó ṣófo á gba ohùn náà padà, á sì máa ké.

Fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, èèyàn 10 sí 15 tó, kí wọ́n jókòó yípo ààbọ̀. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan: ẹ fa G, kí gbogbo wọn fimú kùn ún. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan pe orúkọ ara rẹ̀, kí sẹ́lò tẹ̀lé bó ṣe ń lọ sókè sódò, kí àwọn tó kù gbè é. Àmì ọwọ́ mẹ́ta tó: àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ gbé e sókè, ìkúùkù, ẹ dákẹ́, ìka nínà, ìwọ ló kàn láti lé. Ẹni tí kò bá gbọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ló ń pariwo jù. Ẹni tó bá sì ń gba orin mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́ ni kí ẹ fi ṣe afọwọ́ṣàmì. Á dákẹ́ pátápátá.

Bí wọ́n bá fẹ́ dán sẹ́lò wò, kí wọ́n bọ́ òrùka, kí wọ́n fi ìka ta okùn láìtẹ̀ ẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irun ọrun, torí ọ̀rá ara kì í jẹ́ kí rọ́sìnì di okùn mú mọ́.

Láti parí, ẹ yọ ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku G. Ẹ jẹ́ kí ọrun wà lórí okùn títí ohùn á fi tán nínú yàrá. Bí ẹ bá tètè sọ ọwọ́ sílẹ̀, àtẹ́wọ́ á gé e.