Kí ẹ tó gbé sípánà: bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ eré tí ò gbọ́ràn ní kọ́nà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa jàre. Èèyàn á gbé ọkọ̀ eré ẹ̀ lọ sí track (pápá tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré) lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ á máa sá lọ́tùn-ún sá lósì, tó bá di Mọ́ńdè ẹ ó bá a ní Ládípọ̀ tó ń ná coilover (ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìn alápapọ̀ tí wọ́n lè gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀), torí pé "ọkọ̀ yẹn ò dì mọ́lẹ̀". Wọ́n á so coilover mọ́ ọn, owó á lọ, ọkọ̀ á ṣì máa ṣe bó ṣe ń ṣe, torí pé táyà ẹ̀yìn ló ti gbó látọjọ́ yìí. "Ọkọ̀ ò dì mọ́lẹ̀" ò lè ran mẹkáníìkì kankan lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni tó wọ ọsibítù tó ní "ara mi ò yá" tó wá dákẹ́.

Gbólóhùn kan péré lẹ nílò, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan mẹ́ta. Apá ibo ló kọ́kọ́ ń sá, ìyẹn tí táyà ẹ̀ ń yọ̀ tí kò di ilẹ̀ mú, ṣé iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Ibo nínú kọ́nà ló ti ń ṣẹlẹ̀, ṣé ìgbà tí ẹ ṣì ń tẹ búréèkì wọlé ni, àbí àárín, àbí ìgbà tí ẹ ń tẹ iná (ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré) jáde? Irú kọ́nà wo sì ni, ṣé èyí tí ẹ ń fi jíà kejì gbà ni àbí èyí tí ẹ ń bá eré wọ̀? Tí ẹ bá ti lè sọ pé "iwájú ló ń sá, àárín kọ́nà jíà kejì, kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún nìkan", kò sí mẹkáníìkì gidi tí ò ní mọ ibi tó máa kọ́kọ́ wò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń sá? Tó bá jẹ́ iwájú, ẹ máa yí sítíárìn, ẹ tún máa yí i sí i, imú ọkọ̀ á kọ̀, á ṣì máa lọ tààrà, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, táyà iwájú á máa han. Ìyẹn làwọn òyìnbó ń pè ní understeer. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ìdí yín lórí àga ló máa kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú tó mọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á fẹ́ wá bá yín níwájú, ọwọ́ yín á sì ti máa yí sítíárìn sí òdìkejì kí ẹ tó ronú ẹ̀ rárá. Oversteer nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn kì í ṣe àìsàn o, ibi tágbára táyà mọ lẹ dé yẹn.

Àmọ́ ẹ dúró, ọ̀kan wà tó ń tan èèyàn jẹ gan-an. Ọkọ̀ á wọ kọ́nà, iwájú á sá, awakọ̀ á yí sítíárìn sí i, kò ní wọlé, ẹ̀rù á bà á, á wá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná lójijì. Tó bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò báyìí, ẹrù ọkọ̀, ìyẹn ìwúwo ẹ̀, á bọ́ síwájú, táyà iwájú á ṣàdédé di ilẹ̀ mú pẹ̀lú gbogbo sítíárìn tó ti yí sílẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn á fúyẹ́, á sì fò jáde. Tó bá sọ̀kalẹ̀ á ní "ọkọ̀ yìí ń ṣe oversteer", wọ́n á lọ fún ẹ̀yìn ní sípíríìn tó rọ̀, wọ́n á tún ba ọkọ̀ jẹ́ sí i, torí iwájú ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà, ẹ má bi ara yín pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ bi ara yín pé kí ló KỌ́KỌ́ ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá rí kámẹ́rà kékeré tàbí fóònù gbé kọ́ sí ibi tó ti máa rí ọwọ́ yín lórí sítíárìn, ẹ gbé e síbẹ̀, fídíò kì í parọ́ bíi tiwa.

Kí n sọ eléyìí o: gbogbo ìdánwò yìí, ibi tí wọ́n tì pa, tí wọ́n dìídì ṣètò fún un, nìkan lẹ ti lè ṣe é. Third Mainland kì í ṣe track, bó ti wù kó gùn tó, kọ́nà Lẹ́kí pẹ̀lú kì í ṣe track. Ẹ nílò kọ́nà kan náà, eré kan náà, léraléra, láìsí danfó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé Èkó, kó tó dé track rárá, ó ti jẹ ihò tó pọ̀, ó ti gun bọ́ǹpù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ lójú òru tẹ́nì kankan ò kùn lọ́dà. Torí náà ẹ má tíì yí setup ọkọ̀ (bí wọ́n ṣe ṣètò sípíríìn, ṣọ́ọ̀kì àti táyà) padà. Ẹ jáàkì ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi nǹkan tó lágbára dá a dúró, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ jáàkì nìkan. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹ mì í: tó bá ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n, ẹ wo bíárìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì kí ẹ mì í: tó bá mì, tái rọ́ọ̀dù lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo búṣìn (rọ́bà) lower arm, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó di táyà mú, bóyá ó ti là, ẹ wo lìnkéèjì sítábíláísà (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà), ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì bóyá ọ́ìlì ti ń sun jáde. Ẹ yí ríìmù kọ̀ọ̀kan kí ẹ wò ó bóyá ó ti wọ́. Tí ríìmù kan bá gbóná ju ìkejì ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ wà á díẹ̀, kálípà búréèkì ti lè máa há níbẹ̀, ọkọ̀ tó sì ń fa sí ẹ̀gbẹ́ kan kò lè gba kọ́nà dáadáa láéláé. Búṣìn tó ti jẹ lè ṣe gbogbo irú àìsàn tí ẹ mọ̀, lónìí iwájú, lọ́la ẹ̀yìn, ẹ ò ní rí i mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, táyà. Níbí ni mo ti máa pẹ́, torí pé níbí ni ọ̀pọ̀ wàhálà wà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí DOT (àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà), òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tòkúnbọ̀ lè ní ojú tó dáa, kó nípọn, kó máa dán, síbẹ̀ kí rọ́bà ẹ̀ ti le bí igi. Bí ẹ bá fi tuntun síwájú, tí ẹ fi tòkúnbọ̀ sẹ́yìn, ẹ̀yìn á máa sá ṣáá ni, kò sí sítábíláísà tó máa tún ìyẹn ṣe. Irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó sọ pé ọkọ̀ ní àìsàn.

Ẹ ní géèjì táyà tiyín fúnra yín. Mi ò bá fọkanáísà kankan jà o, àmọ́ géèjì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ afárá yìí àti ti ẹni tó wà ní ojú ọ̀nà kejì lè fi psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) mẹ́ta yàtọ̀ síra, psi mẹ́ta sì tó láti yí ìwà ọkọ̀ padà. Ẹ ra ọ̀kan, òun náà ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo. Ẹ fi wọn táyà láàárọ̀ kí oòrùn tó jáde, torí l'Ékòó ibí, tí ọkọ̀ bá páàkì tí oòrùn ń pa ẹ̀gbẹ́ kan, táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn á gbé nọ́ńbà tó ga ju ìkejì lọ, ẹ ó wá rò pé ẹ̀gbẹ́ kejì ń jò. Táyà máa ń gbé bíi psi kan sókè fún ìwọ̀n ooru 5 sí 6 lórí Celsius, torí náà nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì ni èyí tí ẹ rí ní kété tí ẹ bá wọlé láti track, nígbà tí táyà ṣì gbóná. Ọ̀pọ̀ táyà ojú títì máa ń dáa láàárín psi 32 sí 38 nígbà tó bá ti gbóná, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà yín sọ wò. Tí iwájú bá ti lọ sí 42 nígbà tí ẹ̀yìn wà ní 34, tí ẹ wá ń sọ pé iwájú ń sá, ẹ ti rí ìdáhùn.

Tí ẹ bá ní tẹmọmítà oníbẹ́rẹ́ tó ń gún rọ́bà, ẹ fi wọn ibi mẹ́ta lórí táyà kọ̀ọ̀kan, inú, àárín, ìta, kíákíá kó tó tutù. Èyí tí wọ́n ń tàn bíi tọ́ọ̀ṣì máa ń ka ojú nìkan, ojú sì tètè ń tutù. Àárín gbóná jù, afẹ́fẹ́ pọ̀. Inú àti ìta gbóná ju àárín, afẹ́fẹ́ kéré. Ìta gbóná ju inú lọ, ọkọ̀ nílò camber odi (kí òkè táyà tẹ̀ sínú) sí i. Tí inú bá fi díẹ̀ gbóná ju ìta, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá ní tẹmọmítà, ẹ fi ẹfun kọ ilà sí èjìká táyà, ẹ wà á, ẹ wá wo ibi tí ilà ti pa rẹ́ dé: tó bá ti pa rẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà, táyà ń yí lélẹ̀, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ tàbí camber.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa tí ọkọ̀ ṣì ń ṣe wèrè, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n wà jókòó síbẹ̀. Tó bá wà á tí kò sá, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni. Ẹni tó bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tó pọ̀ jù, tàbí tó jọ̀wọ́ búréèkì lójijì kó tó yí sítíárìn, iwájú á fúyẹ́ lára ẹ̀, á sì máa sá. Oníwájú (ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú) bíi Civic Type R, tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná láàárín kọ́nà, ẹ̀yìn ẹ̀ á fẹ́ yọ jáde. Porsche 911 ní tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, bíi 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù ẹ̀ wà lẹ́yìn, torí náà iwájú ń fúyẹ́ tí ẹ ò bá fi búréèkì díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wọlé. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kì í ṣe àìsàn.

Ibi tí ẹ ti ń tẹ búréèkì wọlé, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń mì, ẹ wo páàdì: ṣé páàdì ẹ̀yìn lágbára ju ti iwájú lọ? Ẹ wo toe ẹ̀yìn (bí imú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta), tó bá ṣí síta ọkọ̀ ò ní dúró ṣinṣin. Ẹ sì wo ẹsẹ̀ yín, tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn, tí ẹ bá bọ́ jíà sílẹ̀ láìfi iná gbé ẹ́ńjìnnì, táyà ẹ̀yìn lè há fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tó láti yí yín.

Àárín kọ́nà ni sítábíláísà, sípíríìn àti camber ti ń sọ̀rọ̀. Sítábíláísà iwájú tó le máa ń jẹ́ kí iwájú sá, ti ẹ̀yìn tó le máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn sá. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀ (àwọn ọmọ VI, ẹ̀yin ni mò ń bá wí), ẹ so rọ́bà kékeré kan mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kí ẹ tó wà á. Tí rọ́bà yẹn bá ti lọ dé òkè pátápátá, ọkọ̀ ń jókòó lórí rọ́bà ìdádúró inú ṣọ́ọ̀kì. Lójú ẹsẹ̀ tó bá kàn án, apá yẹn á le bí òkúta, á sì sá láìsọ fún yín. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀ ni, ó ti tán.

Ìgbà tí ẹ ń jáde: tí táyà ẹ̀yìn tó wà lápá inú kọ́nà bá ń yí lófo tó ń rú èéfín, differential (ohun tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì) ló ń fún un lágbára tí kò nílò. Tó bá sì jẹ́ kọ́nà eré nìkan ni iwájú ti ń sá, tó dáa ní kọ́nà kékeré, ẹ wo spoiler ńlá (apá tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀) tí ẹ so sẹ́yìn láìfi nǹkan kan síwájú.

Tó bá jẹ́ kọ́nà ọwọ́ kan ṣoṣo ló ti ń sá ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ọ̀tún àti òsì ò dọ́gba. Ẹ lọ sọ́dọ̀ aláínmẹ́ǹtì, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ṣe é. Màá jókòó sínú ẹ̀, epo wà ní ìdajì, ẹ bá mi ṣe camber iwájú sí odi méjì àbọ̀, ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ẹ sì bá mi tẹ ìwé ẹ̀ jáde." Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ síbòmíì.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lọ, kí ẹ padà wá. Tí ẹ bá wá rò pé ọkọ̀ ti dáa, ẹ dá nǹkan yẹn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí ẹ tún wà á lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ojú ọ̀dà aago méje àárọ̀ yàtọ̀ sí ti aago kan ọ̀sán. Tí àìsàn yẹn bá padà wá, ẹ ti rí i mú. Tí kò bá padà, oòrùn ló bá yín ṣe é.