Bí mo ṣe ṣe ìdánwò fún àwọn tí yóò máa kọ́ni ní iṣẹ́ iná

Wíwáyà ilé ni mo gbé ìdánwò yìí kà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ níbí ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó mọ̀ pé wáyà 1.5 mm² ni ti gílóòbù, 2.5 mm² ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, oníná ni. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ kó sì rí ibi tó ti yà.

Fún ìyẹn, mo wáyà pátákó kan sílẹ̀. Súwíìsì rẹ̀ ń tan gílóòbù, ó sì ń pa á. Ṣùgbọ́n orí níútírà ni mo fi súwíìsì náà sí dípò láífù. Bí wọ́n bá pa á, iná ṣì wà nínú hódà, ó sì lè gbé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi tẹ́sítà wá àṣìṣe náà rí, yóò sọ ìdí tí ọmọ ẹ̀kọ́ fi lè rò pé òun ṣe é re, yóò sì ṣàlàyé bí òun yóò ṣe tún un kọ́ ọ.

Bí iná bá lọ láàárín ìdánwò, ẹ má sáré tan jẹnẹrétọ̀ kékeré. Níútírà ọ̀pọ̀ wọn kò so mọ́ ilẹ̀, tẹ́sítà lè tàn lórí wáyà méjèèjì, ìbéèrè náà sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ dúró.

Níbi máàkì, "ó ṣe dáadáa" kò wúlò. Mo kọ ọ́ báyìí: "ó dán tẹ́sítà wò níbi tó mọ̀ pé iná wà kó tó lò ó", bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Olùdánwò méjì máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí.

Àwọn ìbéèrè kíkọ inú ìdánwò náà lọ sọ́dọ̀ àgbà 10, oníná àti olùkọ́ pọ̀, torí oníná nìkan yóò kàn máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ lárugẹ. Ìlànà Lawshe (1975), tí ń wo bí àwọn àgbà ṣe fẹnu kò pé ìbéèrè kan ṣe kókó, ni mo lò: iye àwọn tó ní "ó ṣe kókó", yọ 5 (ìdajì àwọn àgbà náà) kúrò, pín in sí 5. Fún ènìyàn 10, ààlà rẹ̀ jẹ́ 0.62. Ẹni 8 fún wa ní 0.60, kò wọlé. Ẹni 9 jẹ́ 0.80.

Lẹ́yìn tí àwọn kan ti ṣe é wò, mo to ìwé láti orí máàkì tó ga jù, mo mú ìdá 27 nínú 100 lókè àti nísàlẹ̀, láti rí bóyá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń ya ẹni tó mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò mọ̀. Bí ẹni 27 bá wà lápá kọ̀ọ̀kan, tí 22 gba ìbéèrè kan lókè, 10 nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 12, 12 ÷ 27 sì jẹ́ 0.44, ó dára. Bó bá já sí òdì, ẹ yẹ ìdáhùn tí ẹ fi ń máàkì wò ná. Òun ló sábà máa ń ṣì.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn bá gbà, wọ́n ní ká yọ ọ́. Èmi kì í yọ ti ààbò. Ká pa méènì ká tó fọwọ́ kan wáyà: ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n ni mò ń wá.