Oṣù Mẹ́jọ Lórí Ìyẹ́ Apá Ẹyẹlé Kan

₦6,000 ni mo ra abo ẹyẹlé funfun kan nínú oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n kí ó tó tún fò, owó tí mo ti ná lé e lórí ti kọjá ₦20,000, nítorí àlùmọ́gàjí tí ẹnìkan fi ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ọmọkùnrin tí ó tà á fún mi fi Haúsá sọ pé tàtàbárà náà, ìyẹn ẹyẹlé náà, yóò sá padà sọ́dọ̀ òun bí òun kò bá gé ìyẹ́ rẹ̀. Kí n tó dáhùn, ó ti na apá ọ̀tún ẹyẹ náà, ó sì ti gé ìyẹ́ ńlá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹran ara. Kò fọwọ́ kan apá òsì rárá.

Nígbà tí a dé ilé ní Kubwa, ẹyẹ náà gbìyànjú láti fò, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi àyà lu sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, àyà rẹ̀ ti bó. Mo tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà, mo sọ igi tí ó ń bà lé kalẹ̀, mo sì tẹ́ koríko gbígbẹ sí abẹ́ rẹ̀. Èyí kò le.

Ohun tí ó dá mi dúró ni kùkùté ìyẹ́ wọ̀nyẹn. Mo ti rò pé wọn yóò hù bí irun, nítorí náà ni mo ṣe ń ṣí apá rẹ̀ wò láràárọ̀ fún odindi oṣù kan, láìrí ìyàtọ̀ kankan. Ìyẹ́ tí ó ti dàgbà kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pá rẹ̀ mọ́, kò sì lè gùn sí i. Kùkùté rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí àkókò tí ẹyẹ ń pààrọ̀ ìyẹ́ yóò fi dé. Nígbà tí àkókò náà bá sì dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹyẹlé ń yọ ìyẹ́ ńlá sílẹ̀, láti inú lọ sí ṣóńṣó apá, fún bí oṣù mẹ́fà. Inú bí mi gidigidi pé ẹni tí ó ń ta ẹyẹ lójoojúmọ́ kò sọ èyí fún mi. Ní gbogbo àkókò yìí, kùkùté tí ó mú ṣóńṣó ń gún un ní ìhà nígbàkúùgbà tí ó bá pa apá dé, awọ ibẹ̀ sì ti pọ́n.

Dókítà ẹranko tí mo gbé e lọ bá ní Gwagwalada kọ̀ láti fa gbogbo rẹ̀ tu pọ̀, nítorí ìrora àti nítorí pé ìdí ìyẹ́ lè bàjẹ́ pátápátá. Méjì méjì ni wọ́n fa mẹ́fà tí ó wà níta, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra wọn; wọ́n ní kí a fi mẹ́rin inú sílẹ̀, nítorí pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀ fúnra wọn. Owó ọkọ̀ ìrìn àjò mẹ́ta náà nìkan ju owó ẹyẹ lọ.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, ìyẹ́ tuntun yọ bí abẹ́rẹ́ tí ó dúdú díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, ológbò dẹ́rù bà á, ọ̀kan nínú wọn sì ṣẹ́, nítorí pé kò sí ìyẹ́ mìíràn tí ó lè dáàbò bò ó. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ara ògiri. Mo fi aṣọ ìnura wé e, mo bu ògì gbígbẹ lé ojú ibẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ náà sì dá. Dókítà sọ pé bí ó ṣe yẹ ni mo ṣe é, inú mi sì dùn gan-an. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi aṣọ bo ilé rẹ̀ ní alẹ́. Mo tún ń fún un ní ọkà bàbà, ẹ̀wà àti èèpo ẹyin lílọ̀, mo sì ń gbé abọ́ omi kalẹ̀ kí ó máa wẹ̀, nítorí ọyẹ́ ti mú kí ara ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Bí mo bá tún ra ẹyẹlé, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlùmọ́gàjí kàn án. Èmi yóò sé e mọ́ ilé rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan, èmi yóò sì máa bọ́ ọ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ ibẹ̀ ní ilé.

Nínú oṣù Keje, ó fò láti ilẹ̀ lọ bà lé orí táńkì omi wa, ó sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo gbọn agolo ọkà bàbà. Ó yí ká lẹ́ẹ̀kan lórí òrùlé, kò fì, ó sì bà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi.