Bí a ṣe ń fi téèpù àti okùn ṣe ìṣirò ilé, ilẹ̀ àti kànga

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ì báà jẹ́ ní agbègbè Under G tàbí lójú ọ̀nà Ìlọrin, oríṣiríṣi iye ni yóò máa gbọ́: iye búlọ́ọ̀kù lẹ́nu bíríkìlà, iye páálí táìsì lẹ́nu ọlọ́jà, iye fíìtì lẹ́nu onílẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó máa ti àpò rẹ̀ jáde ló yẹ kó mọ ohun tó ń rà. Ìṣirò tí ọ̀rọ̀ náà gbà kò sì ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, àfi ibì kan ṣoṣo tí fóònù máa ti ràn wá lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ máa nílò ni téèpù onírin (ti télọ̀ máa ń fà, kò dára fún iṣẹ́ yìí), okùn bíríkìlà, èèkàn mẹ́rin, ìwé àti bírò. Ẹ wá ẹnì kan tó máa di orí kejì téèpù mú, torí téèpù tó bá rọ̀ ní àárín máa ń bu gígùn kún gígùn.

Kí ẹ tó tẹ fóònù

Ẹ kọ iye tí ẹ rò pé yóò jẹ́ sílẹ̀ ná. Bí fóònù bá wá gbé iye tó jìnnà sí i jáde, ẹ ti mọ̀ pé ìka yín ṣì tẹ nǹkan kan. Ìṣirò orí kò le tí a bá ń ṣe é bí a ṣe ń ka owó lédè wa. Ká ní páálí táìsì 18 ni, ₦9,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjìdínlógún, ogún ó dín méjì ni. Ogún páálí jẹ́ ₦190,000, méjì jẹ́ ₦19,000; ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦171,000. Kí ọlọ́jà tó rí fóònù rẹ̀ nínú àpò, ẹ ti ṣe é tán.

Ẹ tún kọ ìwọ̀n mẹ́ta yìí sí ẹ̀yìn ìwé yín: íǹṣì 12 ló wà nínú fíìtì kan, fíìtì 3.28 ló wà nínú mítà kan. Síkúẹ̀ fíìtì 10.76 ló wà nínú síkúẹ̀ mítà kan.

Táìsì yàrá

Ẹ na téèpù sí ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ wọn gígùn àti ìbú yàrá níbi méjì tàbí mẹ́ta, torí ògiri tí wọ́n ti rẹ́ lè fẹ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Èyí tó gùn jù ni kí ẹ kọ. Ká ní gígùn jẹ́ fíìtì 12, ìbú sì jẹ́ fíìtì 11 àti íǹṣì 6. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á tẹ 11.6. Ìdajì fíìtì ni íǹṣì 6, torí náà 11.5 ló jẹ́. 12 lọ́nà 11.5 jẹ́ síkúẹ̀ fíìtì 138.

Síkúẹ̀ mítà ni wọ́n fi ń ta táìsì. Ẹ fi 10.76 pín 138, ẹ ó rí 12.8. Ẹ má fi 3.28 pín in o! Gígùn nìkan ni 3.28 wà fún. Bí ẹ bá fi pín ojú ilẹ̀, 42 ni ẹ máa rí, ẹ ó sì ra táìsì tó tó yàrá mẹ́ta.

Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún 12.8 nítorí èyí tí wọ́n máa gé àti èyí tó máa fọ́. Ó di 14.1. Páálí tí táìsì 60 sẹ̀ǹtímítà sí 60 mẹ́rin wà nínú rẹ̀ máa ń bo 1.44. 14.1 tí a fi 1.44 pín jẹ́ 9.8, torí náà páálí 10. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà àwọ̀ ara páálí kó bá ara mu, torí èyí tí ẹ bá padà lọ rà lè pọ́n díẹ̀ tàbí kó ṣì díẹ̀.

Igun tó gún régé

Ẹ kan èèkàn sí ibi tí igun ilé máa wà. Ẹ na okùn kan láti ibẹ̀ gba ojú ògiri iwájú, ẹ wọn fíìtì 6 lórí rẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Ẹ na okùn kejì gba ojú ògiri ẹ̀gbẹ́, ẹ wọn fíìtì 8, ẹ fi àmì sí i. Kí ẹ wá wọn àmì sí àmì. Bó bá jẹ́ fíìtì 10 gẹ́lẹ́, igun náà gún régé. Bó bá ju 10 lọ, igun ti là jù, ẹ sún okùn kejì sínú. Bí kò bá tó 10, ẹ sún un síta.

Ìdí rẹ̀ ni pé 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 100, tí í ṣe 10 lọ́nà 10. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń lo 3, 4, 5, òótọ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, 9, 12, 15 ni mo fẹ́ràn jù: bí okùn ṣe gùn tó ni àṣìṣe ṣe ń fara hàn tó.

Ilẹ̀ tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan

Ibí ni owó ńlá wà. Tí wọ́n bá mú yín dé orí ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n máa fi hàn yín. Ká ní iwájú jẹ́ fíìtì 58, ẹ̀yìn jẹ́ 58, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 104. Lójú ẹsẹ̀, èèyàn á ní 58 lọ́nà 104, síkúẹ̀ fíìtì 6,032. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àfi tí igun ilẹ̀ náà bá gún régé, iye yẹn ti pọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ, ẹni tó ń ra ilẹ̀ ni àpọ̀jù náà sì máa ń ṣubú lé.

Ẹ wọn ìdábùú ilẹ̀, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Ká ní ó jẹ́ fíìtì 138. Bí ilẹ̀ 58 sí 104 bá gún régé, bíi 119 ni ìdábùú rẹ̀ ìbá jẹ́. Ilẹ̀ yìí ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Máńgòrò kò wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí igi kan bá dúró sọ́nà téèpù, ẹ wọn ìdábùú kejì dípò rẹ̀, ìṣirò kan náà ni.

Ìdábùú ti pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́ta méjì. Ẹ mú ọ̀kan:

1. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 58, 104 àti 138 jẹ́ 300. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 150.
2. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 150: ó ku 92, 46 àti 12.
3. 150 lọ́nà 92 lọ́nà 46 lọ́nà 12 jẹ́ 7,617,600.
4. Ẹ tẹ àmì √ lórí fóònù (bí kò bá hàn, ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀). Ó jẹ́ 2,760.

Ẹ ṣe onígun mẹ́ta kejì bákan náà. Nínú àpẹẹrẹ yìí 2,760 ni òun náà, torí ẹ̀gbẹ́ wọn bára mu. Lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra, tirẹ̀ máa yàtọ̀. Àpapọ̀ jẹ́ 5,520. Síkúẹ̀ fíìtì 512 ti lọ sínú afẹ́fẹ́, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 lọ. Ẹ fi 10.76 pín 5,520, ó jẹ́ síkúẹ̀ mítà 513. Ẹ fi wé iye tó wà lórí pílàánù ilẹ̀. Èyí kò rọ́pò iṣẹ́ awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọgbà rẹ̀, àyíká ilẹ̀ náà jẹ́ fíìtì 324. Ẹ yọ géètì 12 kúrò, ó ku 312. Bí ọgbà bá ga ní fíìtì 6, ó di síkúẹ̀ fíìtì 1,872. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 18 sí 9 máa ń bo 1.125, torí náà 1,664 ni ẹ máa rà. Àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì máa gba àyè díẹ̀, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù ló máa dí àyè èyí tó fọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ tó gún régé àti èyí tó dà, iye búlọ́ọ̀kù kan náà ni wọ́n ń gbà. Torí náà, ẹ má fi bí ọgbà ṣe gùn tó díwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe tó.

Omi inú kànga

Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga títí yóò fi kanlẹ̀, ẹ fà á jáde, kí ẹ wọn ibi tó tutù. Ká ní mítà 2. Ẹ wọn ẹnu kànga gba àárín rẹ̀ kọjá. Ká ní 0.9 mítà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.45. 0.45 lọ́nà 0.45, lọ́nà 3.14, lọ́nà 2, jẹ́ 1.27. Mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga gba lítà 1,000, torí náà omi yìí jẹ́ bíi lítà 1,270, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà bíi 50. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wọ̀n ọ́n lálẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti pọn tán, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pọn. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni iye tí kànga náà ń sun lóru, òun sì ni ẹ máa fi pín omi fún ilé.